Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Babárìndé Dájọ́ Ìbọn Inú Tẹlifíṣọ̀n

Kì í ṣe ariwo ìbọn yẹn ló kọ́kọ́ rí Mọ̀dínátù lára. Ariwo kì í ṣe nǹkan tuntun ní Igando. Jẹnẹrétọ̀ ń han, ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin, ẹni tó ń ta síìdì lójú títì ń gbé ohùn rédíò rẹ̀ sókè bí ẹni pé adití ni gbogbo àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ ló rí i lára. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti pe Mùíz, ọmọ ọmọ rẹ̀, pé kó wá jẹun, ló bá rí i tí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n kankan, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ bíi ti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Mùíz jókòó síwájú rẹ̀, ó ń jẹ gálà.

"Kí lo ń wò yìí?"

"Géèmù ni, Ìyá àgbà. Wọ́n yìnbọn lù mí ni. Ẹ dúró ná, ara mi máa tó yá."

Ó gbé gálà sí ẹnu, ó fi ọwọ́ méjèèjì di páàdì tó fi ń darí géèmù náà mú. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn sá sẹ́yìn ògiri, ó mí hàà, ó tún mí hàà. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Kí Mọ̀dínátù tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú tẹlifíṣọ̀n ti mọ́ pátápátá, ọkùnrin náà sì ti ń sáré lọ.

"Ó ti yá nìyẹn?"

"Ó ti yá. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe sí i nìyẹn, Ìyá àgbà. Èèyàn ò ní máa wá oògùn kiri mọ́."

Mọ̀dínátù kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n náà. Ó jáde, ó tu itọ́ sínú gọ́tà. Ó tún tu òmíràn.

Ó mọ ohun tí ìbọn ń ṣe sí ara ènìyàn. Ọdún tí ogun Bìáfúrà parí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Babárìndé, padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tòun ti ihò kan ní itan. Àwọn dókítà ti rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti là lẹ́ẹ̀mejì. Mọ̀dínátù ló ń wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún ọdún méjì gbáko, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú omi gbígbóná àti iyọ̀. Ó lóyún ọmọ rẹ̀ kẹta nígbà náà. Yóò wẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò sáré jáde lọ bì, yóò tún padà wọlé wá wẹ èyí tó kù. Nígbà mìíràn èérún egungun a máa bá ọyún jáde, wẹ́wẹ́, funfun, bí ìrẹsì. Òórùn rẹ̀ wọ inú aṣọ rẹ̀, ó wọ inú irun rẹ̀, ó wọ oúnjẹ tó ń sè. Òní yìí, ogójì ọdún lẹ́yìn náà, bí ó bá gbóòórùn omi iyọ̀ gbígbóná, a máa dìde kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wá ń sá sí báyìí? Wọ́n á mí lẹ́ẹ̀mejì, ó parí?

"Ṣíọ̀," ló sọ fún gọ́tà.

Babárìndé yẹn náà ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Òrùlé ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti wó lulẹ̀ láti ìhà ìwọ̀ oòrùn títí dé àárín. Mọ̀dínátù ló rán Raheem, ọmọ rẹ̀ àgbà tó ń gbé ní Egan, pé kó lọ gbé bàbá náà wá sí Igando. Ọdún mẹ́fà rèé. Ẹni méjìléláàádọ́rin ọdún péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ti mú un gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló kù láyé tó ń pe Mọ̀dínátù ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá Raheem ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, Ìyá àgbà ni àwọn ọmọ ilé ń pè é, Àlàájà ni àwọn tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Mẹ́kà rí. Babárìndé nìkan ló ń pe "Mọ̀dínà" bí ìyá wọn ṣe ń pè é. Bí ó bá lọ, orúkọ yẹn lọ nìyẹn.

Ó sì fẹ́ lọ.

Nígbà tí Mùíz kọ́kọ́ sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé géèmù, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Mùíz ti jáde ní pólì, ó ti fi ọdún méjì rìn ní Ikẹja títí bàtà rẹ̀ fi lu, kò ríṣẹ́, ni Raheem bá ra tẹlifíṣọ̀n méjì àti ẹ̀rọ géèmù fún un. Babárìndé fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yẹn. Yóò gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo lé àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n lórí bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ: "Fi ẹsẹ̀ òsì gbá a! Òsì, òsì, ìwọ àpọ̀dà yìí!" Àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní kí Bàbá wá di kóòṣì.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yẹn ni Mùíz kó géèmù ìbọn méjì dé. Láti ọjọ́ náà, àga Babárìndé kò jáde mọ́. Kì í jẹun tán mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni Mọ̀dínátù wọlé tọ̀ ọ́ tó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sílé.

"Ilé wo, Bọ̀ọ̀dá? Èyí tí òjò ń rọ̀ sí?"

"Ilé bàbá mi."

"Kí ni wọ́n fi ṣe yín níbí?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí."

Mọ̀dínátù lọ bá Mùíz, ó ní ìbọn yẹn gbọ́dọ̀ dúró. Mùíz dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí Ìyá àgbà jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun di Sátidé, òun ti pe ìdíje, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Egbeda, wọ́n ń bọ̀ láti Dopemu, ìtìjú ni yóò jẹ́. Ó ní òun yóò dín ohùn rẹ̀ kù. Ó dín in kù lóòótọ́, kò sì yí ohunkóhun padà. Bàbá ṣì ń wo àwo oúnjẹ bí ẹni tí wọ́n gbé e fún ní ìlú tí kò mọ̀.

Ìgbà yẹn ni Mọ̀dínátù jókòó tó ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rò ó gba ọ̀nà tí gbogbo wa máa ń gbà. Ó ní, ta ni àgbà ilé yìí? Babárìndé ni. Ta ló ti jagun rí nínú ilé yìí? Babárìndé ni. Nígbà tí Raheem ra mọ́tò, ṣé wọn ò pè é kó fọwọ́ kàn án kó ṣàdúà? Wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga, ṣebí òun ló kọ́kọ́ fa omi? Òun ni. Ṣùgbọ́n Mùíz kó nǹkan ogun wọ inú ilé tí sójà ń gbé, kò kí i, kò fi tó o létí, kò ní kó bá òun ṣí i. Háà! Ìbínú àgbà nìyẹn. Àgbà kì í sì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọn ò kí òun. Yóò kàn ká aṣọ ni.

Ó pe Mùíz, ó là á yé e. Mùíz gbá ara rẹ̀ létí: "Ìyá àgbà, òótọ́ lẹ sọ! Mo ṣì í ṣe."

Ọjọ́bọ̀ ni Mùíz àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olúgbénga, lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Babárìndé. Olúgbénga yìí ni ọmọ Tíṣà Dáramọ́lá, ará Èkìtì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

"Bàbá àgbà, ẹ dárí jì wá," ni Mùíz wí. "A ò fi tó yín létí. Ìgbéraga kọ́, àìmọ̀ ni. Ní Sátidé, a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣí ìdíje wa. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gba páàdì. Ẹ̀yin náà sì ni adájọ́."

"Adájọ́ kí ni?"

"Èwo nínú géèmù méjèèjì, Sináípà àbí Báńkà, ló dára jù," ni Olúgbénga gbà á. "Àríyànjiyàn yẹn ti ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ láàárín wa, Bàbá. Sójà gidi ló lè bá wa parí ẹ̀."

Babárìndé ò wò wọ́n. Mọ̀dínátù ló gbójú sí, níbi tó dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wò ó pẹ́. Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín sí i, ó ní: "Ẹ dá wọn lóhùn, Bọ̀ọ̀dá. Ọmọ yín ni wọ́n. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀."

"Ó dáa," ni Babárìndé wí.

Inú Mọ̀dínátù dùn. Ó se ọbẹ̀ ẹja lọ́jọ́ náà.

Sátidé pé. Wọ́n kún inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, òógùn àti òórùn bẹntiróòlù para pọ̀. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló fọ aṣọ Babárìndé, òun ló lọ̀ ọ́, òun ló dé e ní fìlà tó sì fà á lọ́wọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn dìde. Wọ́n kígbe "Bàbá Sójà!" Wọ́n gbé e jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mọ̀dínátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìkòkò tó ti ń hó.

"Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀," ni Olúgbénga wí, ó na ọwọ́ sókè bí lọ́yà, "ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu wa. Èmi dúró fún Sináípà. Sináípà ti wà kí Báńkà tó délẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, kí wọ́n máa pa ara wọn. Báńkà ńkọ́? Ẹni méjì péré!"

"Ẹni méjì tó ríran," ni Mùíz dá a lóhùn. "Nínú tìrẹ, ibi tó kan èèyàn lójú tẹlifíṣọ̀n ò ju báàjì jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ẹ gbọ́ ná, Bàbá. Ní Sináípà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ru ìbọn méje. Méje! Ṣé sójà ni àbí alábàárù?"

Ẹ̀rín bú.

"Kò burú," ni Olúgbénga wí. "Ní Báńkà, wọ́n yìnbọn lù ẹ́ nígbà mẹ́sàn-án, o fẹ̀yìn ti ògiri, o mí, ara ẹ yá. Ṣé sójà ni àbí wòlíì?"

Ẹ̀rín tún bú. Mọ̀dínátù fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ràn ọmọ náà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mi orí, ó ní ọmọ tíṣà ní làákàyè. Àfi bí Olúgbénga ṣe tún ní: "Nínú tiwa, bí wọ́n bá ṣe ẹ́ léṣe, wàá wá àpótí oògùn. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. O bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí, ó parí."

Ó tẹ àpótí oògùn mọ́lẹ̀, ó parí. Mọ̀dínátù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Ògiri ló ń bá ẹ jà, Mùíz! Ìwọ tó o máa ń ba sí kọ̀rọ̀ bí eku!"

"Ọgbọ́n ogun nìyẹn! Ta ló lu ẹ́ lánàá?"

"Jẹnẹrétọ̀ ló kú lánàá!"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ lù ẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ máa ń kú. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Ohun tí Báńkà fi ju gbogbo wọn lọ rèé, kò sí ẹni tó ti rò ó bẹ́ẹ̀ dáadáa rí. Bí wọ́n bá pa ẹ́, kò kàn ní parí bẹ́ẹ̀. Ó máa fi hàn ẹ́ bí ẹni tó pa ẹ́ ṣe rí ẹ. Ojú tirẹ̀ ni wàá fi wo ara ẹ. Wàá rí ara ẹ níbi tó o dúró sí, tó ò fura, wàá wá rí i bí ọta ṣe wọlé." Mùíz ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ ò rí i pé ó mọ́gbọ́n dání? Inú ń bí ẹni tó kú, ẹni tó pa á náà ń gbádùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mọ̀dínátù gbójú sí Mùíz. Ọmọ tí òun wẹ̀, tí òun fi òróró àgbọn ra lára. Ó wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ ń dán. Ó wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo oúnjẹ tí ìdin ti wọ̀.

"Ó tó," ni Mùíz wí. "Bàbá àgbà, ẹ wá bá wa ṣí i. Bísímíláì."

Ó fi páàdì sí ọwọ́ Babárìndé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń gbé ìka bàbá náà sí ibi tó yẹ. "Èyí ni ẹsẹ̀. Èyí ni ojú. Èyí tó wà lábẹ́ ìka yín níbí, ìbọn nìyẹn."

Báńkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan ni, igi tó jóná, èéfín. Sójà bíi mẹ́fà ń sáré síwájú, ohùn wọn ń dún. Babárìndé tẹ ẹsẹ̀, ó rìn. Kò fọwọ́ kan ìbọn. Wọ́n ń ké lẹ́yìn pé Bàbá ń gbìyànjú, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Bàbá.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà tí wọ́n jọ ń lọ ṣubú. Ó ní "áà", ó dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn yòókù fò ó kọjá, wọ́n ń sáré lọ.

Babárìndé dúró. Ó yí ojú padà. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀nà yí ẹsẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó yí i.

"Iwájú, Bàbá! Iwájú ni wọ́n wà!"

"Ẹ yìnbọn, Bàbá!"

Ó rìn padà títí ó fi dé orí ẹni tó ṣubú yẹn, ó rẹ ojú sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Mùíz," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Èwo ni màá tẹ̀ tí màá fi gbé e?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Mo fẹ́ gbé e. Èwo ni ti gbígbé?"

Mùíz wo páàdì bí ẹni tí kò rí i rí. "Kò sí ti gbígbé, Bàbá àgbà. Wọn ò ṣe ìyẹn sí i."

Ẹnì kan fọ́n ẹ̀rín jáde nímú. Lójú wọn níbẹ̀, òkú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹsẹ̀ ni, àyà ni, orí ni, ó di èéfín, ó di ilẹ̀ ẹrẹ̀ lásán.

"Ibo ló lọ?"

"Wọ́n máa ń pòórá ni, Bàbá," ni Olúgbénga ṣàlàyé, ó sún mọ́ ọn, ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé. "Bí òkú bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á wúwo, kò ní lè sáré. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa wọ́n rẹ́."

Àfi pòò. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n, ó dúdú. Lẹ́yìn náà, ó là padà, wọ́n sì wà lójú ẹlòmíràn báyìí, lókè réré, níbi fèrèsé kan. Ẹni náà ń wo ìsàlẹ̀ láti ojú ìbọn. Nínú ẹrẹ̀ yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo dúró, ó kọ ẹ̀yìn, ó tẹrí ba sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ìbọn náà fara balẹ̀. Ó mú orí rẹ̀. Pòò.

Ilé náà bú sí ariwo. "Orí! Orí ló bá a!"

Babárìndé tẹ̀ síwájú, ó gbé páàdì kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn kalẹ̀.

"Bí Simeon ṣe kú nìyẹn," ló wí.

Àwọn tó wà nítòsí nìkan ló gbọ́ ọ. Mọ̀dínátù gbọ́ ọ. Ogójì ọdún, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ọdún méjì tó fi wẹ ọgbẹ́ ọkùnrin yìí, kò sọ ọ́.

"Ta ni Simeon, Bọ̀ọ̀dá?"

"Òun ló padà wá gbé mi. Wọ́n ti lọ, gbogbo wọn ti lọ, òun ló padà. Ó tẹrí ba báyìí. Ó ní kí n di òun lọ́rùn mú." Babárìndé nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "N kò mọ bí ẹni yẹn ṣe rí i. Mo ti máa ń rò ó. Wọ́n wá gbé mi lálẹ́, wọn ò gbé e. Mo fi í síbẹ̀."

Inú ṣọ́ọ̀bù ti ń pa rọ́rọ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Olúgbénga ti wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò gbọ́ ohun tí iwájú gbọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti Dopemu sì kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá, èwo wá ni? Ẹ dájọ́ o! Èwo ló jọ ogun jù?"

Wọ́n ti ní kí àgbà dájọ́. Àgbà náà sì dá a.

"Èyí ni," ni Babárìndé wí, ó ṣì nawọ́ sí i. "Èyí ló jọ ọ́. Kò sí ti gbígbé."

"Báńkà! Báńkà ló jẹ!" Wọ́n fò sókè. Wọ́n ń lu ògiri. Ọwọ́ Mùíz ti ga sókè pẹ̀lú wọn, ẹnu rẹ̀ ti là, ó ti pe "Mo sọ fún—" kó tó rántí ibi tó wà. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ wéré. Ṣùgbọ́n Mọ̀dínátù ti rí i. Ó rí ọwọ́, ó rí eyín, ó rí ayọ̀ náà kó tó kú lójú rẹ̀.

Ó dìde. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó fa wáyà yọ, ó sì tún fa èkejì. Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ jáde," ló wí. "Ẹ kó ẹsẹ̀ yín, ẹ jáde nínú ilé mi. Ẹlẹ́gbin gbogbo."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má fọwọ́ kàn mí, Mùíz."

Ìgbà tó máa fi dé yàrá ẹ̀yìn, Babárìndé ti ṣí báàgì. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ṣòkòtò méjì, búláńkẹ́ẹ̀tì, tẹ̀sùbáà.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti tán. Mo ti lé gbogbo wọn. Ìbọn kan ò ní dún níbí mọ́ títí ayé. Ẹ jókòó."

Ó ń ká aṣọ lọ.

"Ariwo yẹn ò ní sí mọ́, mo ní."

"Ariwo kọ́, Mọ̀dínà. Ariwo, mo lè fi òwú dí etí." Ó fi ọwọ́ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ títí ó fi gún. "Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, mo wò ọ́."

"Mo rí yín."

"Ṣé o rò pé mò ń tọrọ àyè ni? Ọmọdé dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n dárí jì wọ́n, n kò lè fi ẹnu mi sọ pé rárá. Ìwọ lo lè sọ ọ́. Ìwọ lo wẹ ẹsẹ̀ yìí. Mo rò pé nínú gbogbo ayé, bí mo bá wo ẹnì kan, kò ní fi mí sílẹ̀ fún wọn." Ó mú fìlà kúrò lórí, ó gbé e sórí ibùsùn, kò fi í sínú báàgì. "Ìwọ lo dé mi ní fìlà."

Mọ̀dínátù fẹ́ sọ pé òun rò pé inú ń bí i ni, nítorí wọn ò kí i. Bí ó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú orí ara rẹ̀, ó kórìíra rẹ̀. Ó kórìíra ọbẹ̀ ẹja tó sè ní Ọjọ́bọ̀. Ó bá a ká búláńkẹ́ẹ̀tì.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni Raheem fi mọ́tò gbé e lọ sí gáréèjì ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní òun yóò tẹ̀lé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, òun yóò wá ẹni tí yóò bo òrùlé náà. Babárìndé dágbére fún gbogbo ilé. Ó gbàdúà fún Mùíz náà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tó kan Mọ̀dínátù, ó ní: "Ìyá Raheem, ó dìgbà." Mọ́tò náà gba ọ̀nà Egan lọ.

Mùíz kò tan ìbọn mọ́. Bọ́ọ̀lù nìkan ló padà sí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Mọ̀dínátù jókòó sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó ń gbọ́ Mùíz àti Olúgbénga níta lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n rò pé àwọn ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá fúnra wọn ló sọ pé Báńkà ni."

"Wọn ò gbìyànjú Sináípà wò. Ìdájọ́ yẹn ò pé."

"Àbùkù tó kàn wà níbẹ̀ ni ti gbígbé yẹn. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn sí i nínú èyí tó ń bọ̀, kí èèyàn lè gbé ẹnì kejì ẹ̀, ó máa dùn gan-an."

"Ó máa dùn o! Kí wọ́n sì lè yìnbọn lù ẹ́ bó o ṣe ń gbé e."

Wọ́n pe àdúrà Àsárì. Mùíz kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó pọn omi sínú kẹ́tùrù, ó gbé e wá síwájú ìyá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá àgbà, omi àlùwàlá yín."

Mọ̀dínátù wo omi náà. Ó mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gba kẹ́tùrù náà, ó da omi inú rẹ̀ nù sídìí ògiri, gbogbo rẹ̀ títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn, ó sì dìde lọ sídìí kànga láti fa tirẹ̀.